Aṣọ Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Níbi Iṣẹ́: Ohun Tí Síkẹ́ẹ̀tì Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kakí àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, tí ẹ ti rí lẹ́tà iṣẹ́ gbà, mo mọ ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ sùn. Kì í ṣe iṣẹ́ yẹn gan-an. Aṣọ ni. Ẹni mẹ́ta ló ti pè mí láàárín oṣù yìí: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n wọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè?" Ohun tí mo sọ fún wọn náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni aṣọ dójú tì mí kí n tó gbọ́n.

Ọdún 2016 ni mo rí iṣẹ́ àkọ́kọ́, ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ń gbé ní Ìkòròdú. Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé akọ̀wé ọjà ni wọ́n gbà mí fún. Bí mo ti rí "akọ̀wé" báyìí, tábìlì, àga àti ẹ̀rọ amúlétutù ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo gba Balógun lọ, mo ra aṣọ, mo gbé e fún aránṣọ pé kó bá mi rán kóòtù àti síkẹ́ẹ̀tì, kí síkẹ́ẹ̀tì náà sì gbá mi mọ́ra dáadáa. Mo ra bàtà gogoro dúdú lé e. Owó ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi ra gbogbo rẹ̀, pé tí oṣù bá parí màá san án.

Ẹ ò ní bá mi jiyàn tí mo bá ní aránṣọ yẹn já mi kulẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ló dá fún mi. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo rí aṣọ gbà, òwú ṣì ń jò lára rẹ̀. Mi ò tiẹ̀ wọ̀ ọ́ wò. Mo kàn lọ̀ ọ́, mo fi kọ́.

Agogo márùn-ún ìdájí, mo ti wà lórí ìlà BRT. Ọdún tó ṣáájú ni ọ̀nà BRT ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìkòròdú, èrò ibẹ̀ sì pọ̀ bí eéṣú. Orí ìdúró ni mo wà nínú bàtà gogoro títí a fi dé Òjótà. Nígbà tí màá fi sọ̀ ní Palmgrove, bàtà ti bó mi ní gìgísẹ̀, òógùn sì ti lẹ kóòtù mọ́ mi lẹ́yìn.

Wọn ò mú mi lọ sí ọ́fíìsì kankan. Ilé ìkẹ́rù ni wọ́n mú mi lọ, páálí tò gòkè dé àjà, wọ́n fẹ́ ka ọjà. Ọ̀gá fún mi ní ìwé àti bírò, ó ní kí n gun àkàbà lọ ka èyí tó wà lókè. Ìgbésẹ̀ kejì ni mo gbọ́ "fàààà". Síkẹ́ẹ̀tì ti ya láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí mi ò ní dárúkọ.

Ìyá kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló gbà mí. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó fa ìró àǹkárá yọ nínú báàgì rẹ̀, ó jù ú sí mi: "Ró o, ọmọ mi, kí o sì bọ́ bàtà yẹn kúrò lẹ́sẹ̀." Bí mo ṣe fi kóòtù lókè, ìró nísàlẹ̀, ka páálí títí di agogo márùn-ún nìyẹn. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ru ẹrù sọ mí ní "Ìyàwó" lọ́jọ́ náà. Ọdún méjì tí mo lò níbẹ̀, mi ò rí orúkọ míì jẹ́ lẹ́nu wọn.

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú èèyàn nìkan kọ́ ló ń dúró de aṣọ yín: àkàbà ń dúró dè é, àga dáńfó tí ìṣó yọ lára rẹ̀ náà ń dúró dè é. Ká ní mo pe ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi, kí n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni màá ti máa ṣiṣẹ́?", síkẹ́ẹ̀tì yẹn ì bá má ya. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n pè. Ẹ pè é o. Kò sẹ́ni tó máa gba iṣẹ́ padà lọ́wọ́ yín torí ìbéèrè yẹn.

Nígbà tí mo rí iṣẹ́ kejì, ní Ìkẹjà, mo rò pé mo ti gbọ́n. Mo pè wọ́n lóòótọ́, wọ́n ní kí n "ṣáà múra dáadáa". Ìdáhùn wo nìyẹn? Mo bá gbéra, mo lọ dúró sídìí obìnrin tó ń dín àkàrà ní òdìkejì ọ̀nà, mo ń wo àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń jáde. Àǹkárá, àdìrẹ, bùbá àti ṣòkòtò. Àwọn kan tiẹ̀ dé fìlà. Ọkàn mi balẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé àdìrẹ mi tó dára jù wọ̀. Mo wọlé, gbogbo wọn wọ funfun lé dúdú, táì ń bẹ lọ́rùn àwọn ọkùnrin. Obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà bi mí pé ta ni mo mú ìwé ìpè ìgbéyàwó wá fún.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo lọ wò wọ́n! Ta ni kò mọ̀ pé ọjọ́ aṣọ ìbílẹ̀ nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì l'Ékòó? Èmi náà mọ̀ ọ́n, ó kàn fò mí lórí ni. Ẹ lọ wò wọ́n, ṣùgbọ́n àárín ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹ má sì wo ọ̀gá. Ọ̀gá lè wọ sálúbàtà wá síbi iṣẹ́ tó bá wù ú; ẹni tí ẹ jọ máa jókòó ni kí ẹ wò.

Ẹ má yáwó ra aṣọ. Mo fi oṣù mẹ́ta san gbèsè kóòtù tí mi ò wọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òkirika tó mọ́ wà ní Yábà. Ẹ wo abẹ́ apá rẹ̀ àti síìpù kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ẹ wọ̀ ọ́ nílé, ẹ jókòó, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ nawọ́ sókè. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kí ẹ lọ̀ ọ́, NEPA ò mọ̀ pé ẹ níṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ wọ sílípáàsì nínú ọkọ̀, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó dé géètì. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ fi táì sínú báàgì ná. Ó rọrùn láti so ó mọ́rùn ju kí ẹ máa wá ibi tí ẹ máa tú u sí lọ.

Níbi iṣẹ́ tí mo wà báyìí, ṣòkòtò dúdú, búláòsì àti bàtà pẹlẹbẹ ni mo wọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun nípa aṣọ mi látàárọ̀ dalẹ́. Inú mi dùn débi pé mo ra súyà lọ sílé.

Owó oṣù mi àkọ́kọ́ ní Ìlúpéjú, mo yọ díẹ̀ níbẹ̀ ra ìró tuntun fún ìyá yẹn. Ó gba tuntun, ó ní kí n máa mú ti àtijọ́ lọ. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi títí dòní. Ọmọ tuntun méjì ti lò ó, ọ̀kan torí síkẹ́ẹ̀tì, èkejì torí òjò.