Nígbà tí Mo Sọ Pẹpẹ Kalẹ̀ fún Àwọn Ọmọ Mi

Ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ mi mẹ́ta níwèé. Àgbà wọn jẹ́ ọmọ ọdún 8, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 5, àbíkẹ́yìn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 3. Nítorí pé inú ilé ni a ń wà láti àárọ̀ títí di alẹ́, abọ́ kì í yé dọ̀tí, ilẹ̀ sì ń fẹ́ gbígbá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́.

Nígbà tí àkọ́bí mi wà ní ọmọ ọdún 3, ó máa ń bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní ìgbálẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń lé e jáde kí iṣẹ́ lè tètè parí. Ìgbà tí ó pé ọdún 7 tí mo wá fẹ́ kí ó gbálẹ̀, ìtara náà ti kúrò lára rẹ̀, ó sì ń dùn mí di òní. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n là mí lóye. Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, ọmọ tí o kò jẹ́ kí ó ba iṣẹ́ jẹ́ lónìí, kò ní í mọ̀ ọ́n ṣe lọ́la.”

A máa ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Mo kó abọ́, ife àti ṣíbí wọn wá sí pẹpẹ ìsàlẹ̀, mo sì di ìgbálẹ̀ kékeré kan fún àbíkẹ́yìn. Ọkùnrin ni àgbà, síbẹ̀ a kì í pín iṣẹ́ ilé ní ti ọkùnrin àti ti obìnrin.

Ọjọ́ tí a bá ń se ìkọ́kọrẹ́ ni ẹ̀kọ́ wa máa ń dùn jù. Èmi ni mo ń bẹ ewùrà tí mo sì ń rin ín, nítorí pé ewùrà tútù máa ń yún ni lọ́wọ́. Èkejì ń fọ ata, àgbà ń yọ eegun kúrò lára ẹja, àbíkẹ́yìn ń kó èèpo dànù. Àgbà ni ó bi mí ìdí tí n kò fi ro ewùrà náà ní kété tí mo bá sọ ọ́ sínú ọbẹ̀ tó ń hó. Mo ṣàlàyé pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jinná díẹ̀ kí kókó rẹ̀ má bàa yọ́ tán. Bí a bá sì ra gaàrí, wọn a fi ife wọn kóńgò kan, wọn a kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ìṣirò ọjọ́ náà nìyẹn.

Ohun tó ṣòro fún mi jù ni kí n má tún iṣẹ́ wọn ṣe lójú wọn. Nígbà kan, èkejì fọ abọ́ tí epo pupa ṣì wà lára rẹ̀, mo gbà á, mo tún un fọ̀ níwájú rẹ̀, odindi ọjọ́ méjì ni kò fi fọwọ́ kan kànrìnkànrìn mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ ọ pé kí ó máa fi ìka ra inú abọ́: bí ó bá ṣì ń yọ̀, epo kò tíì tán níbẹ̀. Lánàá, ó fi ìka ra inú ìkòkò ìkọ́kọrẹ́, ó ní ó ṣì ń yọ̀, ó sì bu omi gbígbóná àti ọṣẹ sí i lẹ́ẹ̀kejì, láìjẹ́ pé mo sọ ohunkóhun.