Ọdún 2024: Ó Ku Apá Kẹfà

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo fi ọdún yìí ṣe, alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni n ó sọ, alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, nígbà tí gbogbo wa péjọ sí yàrá Bàbá ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́ láti wo eré Aníkúlápó alápá mẹ́fà tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ọjọ́ tó ṣáájú. Mo ṣiṣẹ́ ní àwọn oṣù yòókù o, ọ̀gá mi lè jẹ́rìí, ṣùgbọ́n n kò rántí ohun kan pàtó tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ Bàbá. Nítorí pé ahunṣọ òfì ni wọ́n, tí wọ́n sì gbọ́ pé ahunṣọ òfì ni Sàró inú eré náà, ni wọ́n ṣe gbà láti bá wa jókòó. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àríwísí fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí ni Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ yẹn ń wá, nígbà tó jẹ́ pé Yorùbá ni àwọn èèyàn ń sọ. Nígbà tí Aláàfin inú eré náà yọ, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní, “Kábíyèsí, ẹ ṣeun tí ẹ yọjú. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2022 tí Aláàfin ti wàjà ni a ti ń wá ẹni tí yóò jókòó sórí ìtẹ́ yìí.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹgbẹ̀rún kan náírà bá mi ta tẹ́tẹ́ pé Sàró kò ní fọwọ́ kan òwú títí eré náà yóò fi parí.

Sàró tó ti jí òkú dìde títí, tí òun náà wá kú, ni wọ́n dá padà sáyé pé kí ó wá kó àwọn tó jí. Kẹ́hìndé bi Bàbá bóyá wọn yóò fẹ́ kí a jí àwọn náà. Wọ́n fi òkèlè àmàlà tó kẹ́yìn nu gbẹ̀gìrì etí abọ́, wọ́n ní, “Kí n tún wá bá gbèsè pàdé? Ẹ jẹ́ kí n sùn.” Ẹ̀rín yẹn kò tí ì tán nígbà tí iná lọ láàárín apá karùn-ún. Epo inú jẹnẹrétọ̀ kò tó fi fọ ọwọ́, ni ìkẹfà bá di ọjọ́ mìíràn.

Wọ́n sùn lóòótọ́, ní oṣù Kẹsàn-án. N kò ní kọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ wá àti ẹ̀yin tí ẹ fi owó ránṣẹ́, títí kan ìwọ tí o jẹ mọ́ínmọ́ín mẹ́rin níbi ìsìnkú. Mo rí ọ. Ohun kan ni n ó jẹ́wọ́: ní ìdájí ọjọ́ kẹta, mo wà lẹ́yìnkùlé tí mo ń wo orí igi, tí mo ń wá àkàlà, ẹyẹ tó jí Sàró nígbà àkọ́kọ́. Àdán ni mo rí, ó sì yàgbẹ́ sí mi léjìká.

N kò tí ì lè wo apá kẹfà. Kẹ́hìndé ti ra détà sílẹ̀ de ọjọ́ kìíní ọdún tuntun, mo sì ti gbà, bí ọkàn mi kò bá yí padà. Màámi ní bí Sàró kò bá fọwọ́ kan òwú, àwọn ni kí n san ẹgbẹ̀rún náà fún, owó tuntun ni àwọn sì fẹ́.