Orin tí mo gbọ́ nítòsí odò Ọ̀tìn

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni dẹ́rẹ́bà gbà lọ́wọ́ mi l'Óṣogbo pé òun á gbé mi dé Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìkìrun la dé tí ọkọ̀ kú. Ó ní mẹkáníìkì ń bọ̀. Wákàtí méjì gbáko! Mo béèrè owó mi, ó ní òun ti fi ra epo. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ padà sílé. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń gba ọ̀nà yìí, ẹ má sanwó tán kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.

Màmá kan tó ń ta ọ̀lẹ̀lẹ̀ eléwé ló ní kí n wá jókòó. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà gbóná, ẹja kún inú rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì gani lára. Mo sọ fún wọn pé mò ń lọ wo ìlú tí wọ́n ti ṣàdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì lọ́dún 1886.

"Ṣé o mọ̀ pé ogun jà níbí náà?" Wọ́n nawọ́ sọ́nà odò Ọ̀tìn.

Ogun Jálumi ọdún 1878 ni wọ́n ń wí. Àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá tí Ìbàdàn ṣẹ́gun ń sá lọ, wọ́n sì ń já lu omi. Ìyẹn mo ti kà. Orin tí màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ni n kò gbọ́ rí. Ìyá ìyá wọn, ọmọ Ìlá, ló máa ń kọ ọ́ bó bá ń lọ ata. Ẹnu ìyá tó bí i lòun náà ti gbọ́ ọ.

Obìnrin inú orin náà se ọbẹ̀ de ọkọ rẹ̀. Ọbẹ̀ tutù, ó tún un gbé kaná. Ó tún tutù, ó tún un gbé kaná. Lẹ́ẹ̀kẹta ó pa iná, ó lọ bi odò bóyá fìlà ọkọ òun há sí etí rẹ̀. Kò sí Ògèdèǹgbé jagunjagun Ìjẹ̀ṣà nínú orin náà, kò sí Látòósà ti Ìbàdàn, kò síbọn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ oríkì àwọn jagunjagun, kò sẹ́ni tó kọ ti obìnrin yìí sí mi létí rí. Omi bọ́ lójú mi.

Mo fẹ́ fi fóònù gbà á sílẹ̀. Màmá kọ̀, wọ́n ní kí n kọ́ ọ. A kọ ọ́ títí àwọn oníbàárà fi ń dúró dè wá.

Lórí ọ̀kadà tó ń gbé mi lọ sí Ìgbájọ, mò ń kọ ọ́ lábẹ́nú. Mo dé ibi tí obìnrin náà ti ń bá odò sọ̀rọ̀, mo gbàgbé ọ̀rọ̀ kan.

Mo ní kí ọlọ́kadà ṣẹ́rí padà.