Mike Webster àti Gbèsè Iṣẹ́ Ìlà Iwájú

Ní Pittsburgh tí mo ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, púpọ̀ nínú àwọn bàbá tí mo ń tọ́jú ló sì ti ṣiṣẹ́ rí nílé iṣẹ́ irin tó sọ ìlú yìí di olókìkí. Bí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà bá ti bẹ́ sílẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré tí wọ́n sì ń fi ara kọlu ara, kì í pẹ́ tí orúkọ Mike Webster fi máa ń jáde. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ gbajúmọ̀, àfi bí ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí, nítorí pé iṣẹ́ agbára tí ẹlòmíràn ń gba ìyìn rẹ̀ ni iṣẹ́ tó ṣe.

Fún ẹni tí kò bá wo bọ́ọ̀lù yìí rí, ènìyàn mọ́kànlá ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní lórí pápá. Nínú àwọn tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wọn, márùn-ún ni wọ́n ń tò sí ìlà iwájú, àwọn ni wọ́n ń pè ní lineman. Kì í ṣe iṣẹ́ wọn láti gbé bọ́ọ̀lù sáré. Iṣẹ́ wọn ni láti fi ara dínà mọ́ àwọn alátakò kí quarterback, ẹni tó ń darí eré ẹgbẹ́ náà, lè ráyè ju bọ́ọ̀lù. Àárín gan-an ni Webster máa ń dúró sí, ní ipò tí wọ́n ń pè ní center. Òun ni yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sẹ́yìn gba àárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kó sì tó nàró tán, ẹni tó sanra jù ú lọ ti forí sọ ọ́. Kì í ṣe ìkọlù ńlá tó ń dá ènìyàn kú lójú ẹsẹ̀ ni mò ń sọ. Ìforísọrí kéékèèké ni, irú èyí tí dókítà kankan kò ní tìtorí rẹ̀ sáré wọ pápá, ṣùgbọ́n tó ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá gbéra, ní ọjọ́ ìdíje àti ní ọjọ́ ìdánrawò.

Wọ́n bí i ní 1952 ní ìlú kékeré Tomahawk ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ó sì gbá bọ́ọ̀lù ní Yunifásítì Wisconsin kí ẹgbẹ́ Pittsburgh Steelers tó mú un ní 1974. Wọ́n ní ara rẹ̀ kéré fún ipò náà, ó sì fi ìdárayá irin gbígbé dí àlàfo yẹn. Ọdún 15 ló lò pẹ̀lú Steelers, ó gba ife Super Bowl, ìdíje àṣekágbá ọdún, lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n yàn án sí Pro Bowl, ìdíje àwọn tó dáńtọ́ jù, lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, ó sì lo ọdún 2 sí i pẹ̀lú ẹgbẹ́ Kansas City Chiefs kí ó tó fẹ̀yìn tì. Bí òtútù Pittsburgh ti wù kó mú tó, apá lásán ló máa ń wọ pápá, Iron Mike ni wọ́n sì ń pè é.

Ní 1997, wọ́n gbà á wọ ilé ìrántí àwọn akọni bọ́ọ̀lù náà ní Canton, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Terry Bradshaw, quarterback Steelers tí Webster ti fi ara rẹ̀ ṣe odi fún, ló fi í hàn fún àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Webster sọ lọ́jọ́ náà gùn, ó sì ń ṣáko kiri. Nígbà yẹn, owó rẹ̀ ti tán, òun àti ìyàwó rẹ̀ kò gbé pọ̀ mọ́, inú ọkọ̀ rẹ̀ tàbí ibùdókọ̀ ojú irin ló sì máa ń sùn ní ọ̀pọ̀ òru. Eyín rẹ̀ ń já, ó sì ń fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ padà. Ìrora ara kì í jẹ́ kó sùn, ó fi di pé ó ń ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ iná mànàmáná tí ọlọ́pàá ń lò gbé òun ṣánlẹ̀ kí oorun lè wá. Ní 1999, wọ́n mú un nítorí ayédèrú ìwé oògùn, adájọ́ kò sì jù ú sẹ́wọ̀n. Àwọn bàbá tí mo ń tọ́jú kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ dé ibi yìí.

Èmi fẹ́ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1999 náà, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àwọn agbábọ́ọ̀lù NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, gbà pé orí tí ó ń fi sọ orí ló sọ Webster di aláàbọ̀ ara tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ìgbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ ló wá di àríyànjiyàn, torí pé owó tó tọ́ sí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ọ̀lù ti bà jẹ́ kó tó kúrò nídìí rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tí àìsàn wá bá lẹ́yìn náà. Ìgbìmọ̀ mú ti ìkẹyìn yìí. Ẹni tó bá ti bá arúgbó kọ ìwé ìrànwọ́ ní ilẹ̀ yìí mọ̀ pé ọjọ́ tí a kọ sínú fọ́ọ̀mù máa ń lágbára ju ara tó wà níwájú oníwèé lọ. Àwọn ẹbí rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, wọ́n jàre ní 2005, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2006 pé kí wọ́n san owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Webster kò sí láyé mọ́ nígbà náà. Oṣù kẹsàn-án 2002 ló kú, ó jẹ́ ẹni 50 ọdún.

Ọmọ Nàìjíríà ló ṣàyẹ̀wò òkú rẹ̀. Dókítà Bennet Omalu, ọmọ Ìgbò láti Anambra, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Nsukka, wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń wádìí ikú ní agbègbè Allegheny, níbi tí Pittsburgh wà. Lójú lásán, kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ náà. Ó ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ pa mọ́, kí wọ́n sì gé e sí wẹ́wẹ́ fún àyẹ̀wò, ó sì ná owó ara rẹ̀ sí i. Ohun tó rí ni èròjà puroténì tí wọ́n ń pè ní tau, tó ti kó jọ sínú ọpọlọ, àmì CTE, àrùn ọpọlọ tí ìforísọrí lemọ́lemọ́ ń fà, tí wọ́n ti mọ̀ mọ́ àwọn abẹ̀ṣẹ́ tipẹ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí náà jáde ní 2005, àwọn dókítà inú ìgbìmọ̀ NFL sì kọ̀wé pé kí wọ́n fà á sẹ́yìn. Wọn kò fà á sẹ́yìn. Wọ́n tún rí àrùn kan náà lára Terry Long àti Justin Strzelczyk, tí àwọn méjèèjì ti dúró sí ìlà iwájú fún Steelers yìí kan náà, ṣùgbọ́n ó di 2016 kí aṣojú NFL kan tó gbà níwájú àwọn aṣòfin pé bọ́ọ̀lù náà àti CTE bára tan.

Inú wa dùn sí Omalu, ó sì yẹ. Apá kan wà tí àwa aláwọ̀ dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Lẹ́yìn tí àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ pe NFL lẹ́jọ́, tí adájọ́ sì fọwọ́ sí àdéhùn owó ìtanràn ní 2015, àwọn tó ń ṣírò ẹni tí owó tọ́ sí ń lo òṣùwọ̀n kan tó kà á sí pé làákàyè aláwọ̀ dúdú ti kéré láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun bá gba máàkì kan náà nínú ìdánwò, ó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ pé ọpọlọ ti funfun ti bà jẹ́, kí wọ́n sì ní kò sí ohun tó ṣe dúdú. Kevin Henry, tí òun náà gbá bọ́ọ̀lù fún Steelers ní ìlà iwájú àwọn tó ń gbèjà, wà lára àwọn tó pe ẹjọ́ lórí rẹ̀ ní 2020. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni NFL gbà láti pa òṣùwọ̀n náà tì.

Mo ń sọ èyí nítorí àwọn ọmọ wa. Orúkọ Yorùbá kò ṣàjèjì mọ́ lẹ́yìn aṣọ bọ́ọ̀lù yìí. Adewale Ogunleye, tí wọ́n bí ní Brooklyn ní 1977, farapa ní orúnkún ní Yunifásítì Indiana débi pé kò sí ẹgbẹ́ tó yàn án ní 2000. Ẹgbẹ́ Miami Dolphins ló gbà á, ní 2003 ó sì mú quarterback balẹ̀ nígbà 15, kí ó tó lọ sí ẹgbẹ́ Chicago Bears tó bá dé Super Bowl ti 2007. Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ó kàwé gboyè MBA, ó sì bọ́ sí ilé iṣẹ́ ìṣúná UBS, níbi tó ti ń bá àwọn eléré ìdárayá bójú tó owó wọn. Irú òpin bẹ́ẹ̀ wà, àmọ́ kì í ṣe òun ni ó wọ́pọ̀ jù ní etí mi níbi iṣẹ́.

Bí ọmọ bá ga, tó fẹ̀, tí olùkọ́ eré ilé ìwé sì ti ń wá sílé wa bí ẹni tó fẹ́ tọrọ ìyàwó, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn òbí Yorùbá ni pé kí wọ́n béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n ń fi ara kọlu ara níbi ìdánrawò láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí àwọn NFL fúnra wọn ti fi ìdánrawò oníhámọ́ra sí 14 péré ní sáà ìdíje láti 2011. Kí wọ́n sì gba ìwé lọ́wọ́ dókítà ní gbogbo ìgbà tí orí bá fọ́ ọmọ, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí wọ́n pa á mọ́ sílé ara wọn, kì í ṣe ní ọ́fíìsì ilé ìwé. Ẹ̀yìn ikú nìkan ni wọ́n ṣì lè fìdí CTE múlẹ̀. Ìwé ni ẹni tó wà láàyè ní lọ́wọ́.