Ilé Ààrẹ ní Hyde Park, Ààfin ní Ọ̀yọ́

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn ò tíì gbà pé ọ̀rọ̀ náà yé òun. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ tún ń wa mọ́tò nínú yìnyín lọ bá òyìnbó ṣọ́ ilé olóògbé. Ṣé wọ́n tiẹ̀ ń fún yín lówó epo?" Wọn ò fún mi. Mo kàn máa ń fi káàdì tí wọ́n kọ orúkọ mi sí kọ́rùn ni, kí n dúró nínú Ilé Ìkàwé Franklin Roosevelt, tó ṣe Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, ní Hyde Park, ìpínlẹ̀ New York, níbi tí wọ́n ń kó ìwé àti ẹrù rẹ̀ pamọ́ sí, kí n máa fi àwọn àlejò mọ̀nà.

Kì í ṣe pé a kì í ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nílé. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé lábúlé bàbá mi, àáró ni wọ́n fi ń ro oko. Nínú àwọn ẹgbẹ́ mi tó ti fẹ̀yìn tì nílé, ta ni kì í ṣe akápò ẹgbẹ́ kan, tàbí ìyá ìjọ, tàbí kó máa tọ́ ọmọ-ọmọ? Ṣùgbọ́n nílé, o mọ ẹni tí ò ń ṣe é fún, o sì mọ̀ pé yóò kàn ọ́ lọ́jọ́ kan. Ní Hyde Park, ẹni tí mò ń ṣe é fún ti kú láti 1945, àlejò tí mo bá sì sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ó ṣeé ṣe kí n má rí i mọ́ láyé. Tíṣà àti òṣìṣẹ́ báńkì tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú wa. Ọmọ ti ẹni yìí wà ní California, ti ẹlòmíràn wà ní Texas. Ilé dá. Wọn ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé ara ohun tó ń gbé wọn jáde nìyẹn. Èmi náà ńkọ́? (Ohun kan tí mi ò tíì mọ́ra pẹ̀lú: kí ọmọ kékeré ka káàdì ọrùn mi, kó ní, "Bọ́lá, ibo ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà?" Bọ́lá gbalasa, bí ẹni ń pe ọmọ ìyá rẹ̀!)

Etí odò Hudson ni ọgbà náà wà. Nínú ilé ńlá tí wọ́n ń pè ní Springwood ni wọ́n bí Roosevelt sí ní 1882. Owó tí àwọn èèyàn dá ni wọ́n fi kọ́ ilé ìkàwé náà sórí ilẹ̀ ẹbí rẹ̀. Wọ́n ṣí i ní 1941, nígbà tó ṣì wà lórí àlééfà, wọ́n sì fà á lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́. Òun ni ilé ìkàwé Ààrẹ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣòfin ní 1978, ìwé tí Ààrẹ bá kọ lẹ́nu iṣẹ́ ti di ti ará ìlú. Ti Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n ṣí ní 2017, kì í ṣe ti ìjọba ní tirẹ̀, ó sì ní ilé ìtura àti ọgbà ẹranko. Níbi tó bá kan gbígbáfẹ́ pẹ̀lú ọmọ, Abẹ́òkúta ló borí.

Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ò ní àga kan báyìí. Ní 1921, nígbà tí Roosevelt jẹ́ ẹni ọdún 39, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbé e mọ́. Kò fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ aláìsàn ńlá ti ayé ìgbà yẹn. Àga onígi lásán, irú èyí tí èèyàn ń jókòó lé jẹun, ló ní kí wọ́n fi àgbá ẹsẹ̀ sí. Kò ní apá, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lè gba ẹnu ọ̀nà tóóró kọjá. Nínú ilé Springwood, àpótí agbẹ́rùròkè kan wà tí wọ́n ṣe fún ẹrù. Roosevelt á wọ inú rẹ̀, á di okùn mú, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ara rẹ̀ lọ sókè. Kò jẹ́ kí wọ́n fi iná mànàmáná sí i, torí ó ń bẹ̀rù pé bí ilé bá gbiná, tí iná mànàmáná bá lọ, inú ibẹ̀ lòun máa há sí. Èmi tí mo ti gbé aláìsàn sókè láìmọye ìgbà, mo mọ bí àgbà ọkùnrin ṣe wúwo tó. Mi ò tíì wo okùn yẹn kí apá má ro mí.

Nígbà ayé rẹ̀, ṣàṣà ni fọ́tò rẹ̀ lórí àga yìí. Àwọn èèyàn rẹ̀ ò fẹ́ kí wọ́n máa yà á. Ọmọ Nàìjíríà wo ló máa gbọ́ èyí tí kò ní rántí Umaru Yar'Adua? Oṣù kọkànlá 2009 ni wọ́n gbé e lọ sí Saudi Arabia fún ìtọ́jú. A ò fojú kàn án mọ́ títí ó fi kú ní oṣù karùn-ún 2010. Nítorí náà, kì í ṣe àwa nìkan là ń fi àìsàn olórí pamọ́. Ṣùgbọ́n àga tí wọ́n fi pamọ́ nígbà yẹn lèmi ń nawọ́ sí lónìí fún ọmọ ilé ìwé. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Ta ló ń tì í?" Mo dárúkọ McDuffie àti Prettyman fún un, àwọn ìránṣẹ́ tó ń wọ̀ ọ́ láṣọ, tó sì ń gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Aláwọ̀ dúdú ni àwọn méjèèjì. Ọmọ náà wo ojú mi, ó tún wo àga.

Inú ọgbà òdòdó ilé rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, ìyàwó rẹ̀ Eleanor sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí máa ń ya àwọn òyìnbó kan lẹ́nu. Kí ló wà níbẹ̀? Ṣebí ilé rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ni Awólọ́wọ̀ náà sùn sí. Òkúta ló ya èmi lẹ́nu: orúkọ àti ọdún nìkan ló wà lára rẹ̀. Roosevelt fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1937 pé bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n ṣe é. Ẹni tó wọlé ìbò lẹ́ẹ̀mẹrin! Nílé wa, kánsẹ́lọ̀ lásán á gba "Olóyè", "Alàgbà" àti "Akínrògún" kí wọ́n tó dé orí orúkọ.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le ni ti oṣù kejì 1942. Amẹ́ríkà ń bá Japan jagun nígbà náà. Roosevelt fọwọ́ sí àṣẹ kan, wọ́n sì kó nǹkan bí 120,000 èèyàn tí ìran wọn wá láti Japan sí àgọ́ àhámọ́. Ọmọ Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní 1988, ìjọba tọrọ àforíjì, wọ́n sì fún àwọn tó ṣì wà láàyè ní $20,000 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bí àlejò bá bi mí. Ilé rẹ̀ ni mo dúró sí, sàréè rẹ̀ ò jìnnà, mi ò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, wọ́n sọ fún wa nípa mọ́tò Murtala Muhammed tó wà nínú mùsíọ́mù Oníkàn, tí ìbọn dá lu ní 1976. Kò sí tíṣà kan tó sọ fún wa nípa Asaba, níbi tí àwọn ọmọ ogun abẹ́ àṣẹ rẹ̀ ti pa àwọn ará ìlú ní 1967. Amẹ́ríkà ni mo ti kà á.

Ní Ọ̀yọ́, àwọn arọ́kin ló ń pa ìtàn Aláàfin mọ́. Ìdílé ló ń jogún rẹ̀, ọwọ́ ọba ni wọ́n sì ti ń jẹ. Oríkì kì í fi ìkà ọba pamọ́, ká sòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ ọ́ di ìyìn. Èmi ò jẹ ẹran Roosevelt rí, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹnu mi gbà á.

Síbẹ̀, a jókòó jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n sọ nǹkan nípa ìlú mi. Mo ki oríkì orílẹ̀ wa, láti ọ̀dọ̀ baba baba bàbá mi wá, láìdánu dúró. Tíṣà kan tó máa ń jókòó tì mí gbọ́ ọ tán, ó ní ó dára púpọ̀, inú fáìlì wo ló wà?