Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ìdánwò lọ́yà ní Amẹ́ríkà: kò sẹ́ni tó máa bá yín pín àkókò

UBE (Uniform Bar Examination), ìdánwò lọ́yà kan náà tí àwọn ìpínlẹ̀ jọ ń lò, ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ń yan ẹni tí wọ́n máa fún láṣẹ iṣẹ́ lọ́yà. Ohun tí mo kọ́ ni pé bí ẹ ṣe ń há òfin sórí náà ni kí ẹ há ìṣètò ìdánwò sórí, torí òfin tí ẹ mọ̀ àmọ́ tí àkókò ò jẹ́ kí ẹ kọ, kò ní máàkì kankan.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni: Ọjọ́rú tó kẹ́yìn oṣù Kejì àti oṣù Keje, pẹ̀lú ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú rẹ̀. Ìṣẹ́gun ni ti kíkọ. MPT, níbi tí ẹ ti máa ṣe irú iṣẹ́ tí lọ́yà ń ṣe, ní iṣẹ́ 2, wákàtí 3; MEE, tí ẹ máa fi àròkọ dáhùn, ní ìbéèrè 6, wákàtí 3. Ọjọ́rú ni MBE: ìbéèrè 100 láàárọ̀, 100 lọ́sàn-án, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin. MBE ló ni ìdajì máàkì, MEE ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, MPT ní 20. Lórí 400 ni wọ́n ń ṣírò gbogbo rẹ̀. Kí èèyàn tó yege, New York ń béèrè 266, Texas 270.

Ẹ fara balẹ̀ wo ìṣirò yẹn. Ìbéèrè MEE kan jẹ́ ìdá 5, iṣẹ́ MPT kan jẹ́ ìdá 10. MPT kan tó MEE méjì, bẹ́ẹ̀ kò sí òfin tí ẹ máa há sórí fún un: òfin, ìtàn ẹjọ́ àti ìwé tí ọ̀gá fi gbé iṣẹ́ lé yín lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n máa fún yín. Síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ ń pa tì títí ìdánwò fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Ibi kíkà ló ti ń bàjẹ́. Èèyàn á fi wákàtí kan kà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré á wá kù láti kọ. Ní tèmi, ìwé ọ̀gá ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ mọ̀ bóyá mẹ́mò ló fẹ́ tàbí lẹ́tà sí oníbàárà. Ẹ ka òfin tẹ̀ lé e, kí ẹ tó ka ìtàn ẹjọ́, torí ìgbà náà lẹ máa mọ ohun tí ẹ ń wá nínú rẹ̀. Tó bá di ìṣẹ́jú 45, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Tó bá pé 90, ẹ bọ́ sórí èkejì, ìkíní ì báà má tíì parí. Kò sẹ́ni tó máa lu aago fún yín láàárín.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ti MEE kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lo ìṣẹ́jú 50 lórí èyí tó mọ̀ dáadáa, ìbéèrè kẹfà ló ń jà lólè. Èyí tí ẹ ò mọ̀ ńkọ́? Ẹ sọ ohun tó fa awuyewuye, ẹ kọ òfin tó bọ́gbọ́n mu, ẹ fi wé ìtàn ẹjọ́ náà, kí ẹ dájọ́. Ó sàn ju òfìfo lọ.

Ní MBE, ó yẹ kí ẹ ti dé ìbéèrè 34 tí wákàtí kan bá pé, 67 tí méjì bá pé. Nínú 200 yẹn, 25 kì í ní máàkì, wọ́n kàn fi ń dán ìbéèrè tuntun wò ni, kò sì sẹ́ni tó mọ àwọn wo ni. Nítorí náà, tí ọ̀kan bá ṣàjèjì, ẹ mú ìdáhùn kan kí ẹ máa lọ; wọn kì í yọ máàkì fún àṣìṣe. Ẹ má fo nọ́ńbà, kí ìdáhùn má baà yẹ̀ lórí ìwé ìdáhùn, ẹ má sì dúró dìgbà ìkẹyìn kí ẹ tó kùn ún. Tí àkókò bá ti tán, ó tán.

Ìforúkọsílẹ̀ máa ń parí lóṣù mélòó kan ṣáájú. Àwọn tó kàwé lókè òkun gbọ́dọ̀ tètè bẹ̀rẹ̀, torí New York á kọ́kọ́ yẹ ìwé ẹ̀rí wọn wò, ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló sì ti gbọ́dọ̀ dé. MPRE, ìdánwò lórí ìwà tó yẹ lọ́yà, ní ọjọ́ tirẹ̀ ní oṣù Kẹta, Kẹjọ àti Kọkànlá: ìbéèrè 60, wákàtí 2, New York ń fẹ́ 85. Ẹ ṣe é kúrò nílẹ̀ kí kíkàwé UBE tó gbóná.

Láti oṣù Keje 2026, àwọn ìpínlẹ̀ kan ń bọ́ sórí NextGen, ìdánwò lọ́yà tuntun tó ń rọ́pò èyí, wákàtí 9 láàárín ọjọ́ kan àtààbọ̀. Kí ẹ tó ra ìwé kankan, ẹ wo èyí tí ìpínlẹ̀ yín máa lò ní oṣù tí ẹ fẹ́ jókòó.