Bí Mo Ṣe Fọ́ Ògiri Ọ̀kọ̀ Àbúrò Mi

Ìgbà márùn-ún léraléra ni àbúrò mi fi ọmọ ogun Makedóníà nà mí nínú Rome: Total War, géèmù ogun ayé àtijọ́ tó jáde lọ́dún 2004. Lálẹ́ Sátidé, tí mo bá ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní Òṣogbo, a ó fi wáyà so ẹ̀rọ méjì pọ̀. Èmi á mú Róòmù, òun á mú Makedóníà. Àwọn láptọ́ọ̀pù náà ti gbó, ṣùgbọ́n géèmù yìí kò wúwo fún wọn.

Ọgbọ́n kan ṣoṣo ló ń dá. Á to àwọn ọlọ́kọ̀ rẹ̀ gbọọrọ sí àárín pápá, á tẹ bọ́tìnnì tó ń mú kí wọ́n na ọ̀kọ̀ síwájú, á wá fọwọ́ lẹ́rán. Phalanx lorúkọ rẹ̀. Ògiri ọ̀kọ̀ lèmi ń pè é. Èmi náà á rán àwọn onídà mi lọ bá wọn tààrà, kí idà wọn sì tó kan ẹnikẹ́ni, ọ̀kọ̀ ti gún wọn. "Bọ̀dá mi, ẹ tún ti sáré wọ̀ ọ́," ni yóò máa wí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé mo lọ ń ka ìtàn ogun.

Polybius ni mo kọ́kọ́ kà, ará Gíríìsì tó kọ ìtàn ogun Róòmù ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Jésù. Òun ló la ojú mi. Ó ní ọ̀kọ̀ àwọn ará Makedóníà, sarissa, gùn tó ìgbọ̀nwọ́ 14. Ìyẹn lé ní mítà 6! Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń dì í mú. Ìlà 16 ni wọ́n ń tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kọ̀ ìlà márùn-ún àkọ́kọ́ á sì yọ síta níwájú. Àwọn tó wà láti ìlà kẹfà lọ sẹ́yìn á gbé tiwọn sókè ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ohun tí ọ̀tá bá jù lè máa ba igi ọ̀kọ̀ kó tó ba orí ènìyàn. Ọmọ ogun Róòmù ní tirẹ̀ nílò àyè láti fi idà jà, nítorí náà ẹnì kan nínú wọn ló ń kojú ọlọ́kọ̀ méjì níwájú. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọ̀kọ̀ mẹ́wàá sí ẹnì kan. Gbogbo ìgbà tí mo rán àwọn ènìyàn mi lọ bá ògiri yẹn lójúkojú, ohun tí mo rán wọn lọ bá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Polybius kan náà ló sọ ibi tí ògiri ọ̀kọ̀ kù sí. Ó fẹ́ ilẹ̀ títẹ́jú, kòtò tàbí òkè á tú u ká, ẹni tó bá sì wà nínú rẹ̀ kò lè yí padà fúnra rẹ̀ láti jà. Lọ́dún 197 ṣáájú ìbí Jésù, lórí àwọn òkè Cynoscephalae ní Thessaly ní ilẹ̀ Gíríìsì, Philip Karùn-ún ọba Makedóníà pàdé Flamininus ọ̀gágun Róòmù. Apá ọ̀tún Philip ń ti àwọn ará Róòmù lọ sísàlẹ̀ òkè, wọ́n ń borí. Apá òsì rẹ̀ kò tíì tò tán nígbà tí Flamininus kó erin àti ọmọ ogun bá wọn, wọ́n sì tú ká. Bí wọ́n ti ń lé wọn lọ ni ọ̀gá kan láàárín àwọn ará Róòmù wo ẹ̀gbẹ́, ó kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun 20 péré, ó yà kúrò nínú ìlépa náà, ó sì já sí ẹ̀yìn àwọn tó ń borí. Ẹnì kankan nínú wọn kò lè kọjú sẹ́yìn. Ibẹ̀ logun náà parí sí.

Mo ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo mú ẹgbẹ́ tafàtafà mẹ́rin, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin, mo wá fi hastati kún un, àwọn tó máa ń ju ọ̀kọ̀ kúkúrú kí wọ́n tó fa idà yọ.

Mo to hastati síwájú, mo ní kí wọ́n dúró. Níbí yìí ni mo ti máa ń bà á jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìkánjú ni mo fi ń tẹ máòsì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sáré, wọ́n á dé iwájú sarissa láìtíì ju ọ̀kọ̀ tó yẹ kí wọ́n jù. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní ìdúró. Bí ọ̀tá bá súnmọ́ tó, wọ́n á jù ú fúnra wọn.

Tafàtafà méjì dúró lẹ́yìn wọn. Méjì yòókù ni mo rán yípo lọ sí ọwọ́ ọ̀tún àwọn ọlọ́kọ̀, nítorí ọwọ́ òsì ni ọmọ ogun ń gbé apata sí, géèmù yìí sì kà á sí. Ọfà tó bá gba ọ̀tún tàbí ẹ̀yìn wọlé kò bá apata pàdé, iye tó ń pa máa ń pọ̀ sí i gan-an. Àbúrò mi rí i pé àwọn ènìyàn òun ń ṣubú, ó yí ẹgbẹ́ kan padà láti lé àwọn tafàtafà náà. Ohun tí mo ń dúró dè nìyẹn. Ògiri ọ̀kọ̀ kì í tètè yí, bó bá sì yí, àlàfo á ṣí sílẹ̀ láàárín òun àti ẹnìkejì rẹ̀.

Mo kó hastati méjì sínú àlàfo náà, mo sì rán ẹlẹ́ṣin mi sí ẹ̀yìn. Ẹ má ṣe fi ẹṣin kọlu ọ̀kọ̀ níwájú láéláé, kò sí èyí tó máa kù. Láti ẹ̀yìn wọn ni kí ẹ ti kọlù wọ́n, ẹ fà sẹ́yìn, ẹ tún sáré padà kọlù wọ́n. Ẹṣin tó bá dúró síbẹ̀ tó ń bá wọn fà á, agbára eré rẹ̀ ti tán. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo padà, ẹgbẹ́ àárín sá, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé wọn.

(Inú ìlú lọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ògiri ọ̀kọ̀ tó bá dí ẹnu ibodè kò ní ẹ̀gbẹ́ tí ẹ lè gbà. Ẹ gba ibòmíràn wọlé, ẹ di gbàgede àárín ìlú mú fún ìṣẹ́jú 3, ìlú di tiyín.)

Àbúrò mi kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo wá sọ fún un bí Cynoscephalae ṣe parí: àwọn ará Makedóníà gbé ọ̀kọ̀ wọn nàró sókè, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn ti túúbá. Àwọn ará Róòmù kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Flamininus mọ̀ ọ́n, ó fẹ́ dá wọn sí, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ tó wà níwájú ti kọlù wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì kú bẹ́ẹ̀. Ìbànújẹ́ gidi ni ibẹ̀ yẹn jẹ́ fún mi.

"Bọ̀dá mi, kí lorúkọ ọ̀gá tó kó ẹgbẹ́ 20 yẹn?"

Mo ní Polybius kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó mi orí. Ó ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á fi ẹlẹ́ṣin sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí Alexander ọba Makedóníà ti máa ń ṣe, kí n wá wo bí n ó ṣe dé ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá bí n ó ṣe lé ẹṣin wọ̀nyẹn kúrò níbẹ̀.